Ohùn Nọ́ọ̀sì Tí Màmá Mi Rò Pé Èmi Ni

Mo fi orí mi búra, òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n má fi orí búra jù: òótọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mo ń kọ́ iṣẹ́ lílẹ̀ táyà ní Pápá Àjàó. Kò sí ẹni tí mi ò lè sín jẹ. Mo ti fi ohùn pásítọ̀ wa pe àwọn akọrin sí ìpàdé tí kò sí, inú mi sì dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko! Ṣùgbọ́n lónìí, tí mo bá ń gbọ́ ìkérora Màmá mi nínú yàrá, ó ń ṣe mí bíi kí n gé ahọ́n mi.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ Màmá nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Lọ́dún tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, ọwọ́ wọn ba kókó kan ní ojú ara, ó le bí ẹ̀pà. Àbúrò wọn nìkan ni wọ́n sọ fún. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì nígbà tí Àǹtí dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tó ti wó, ta ni yóò tún máa gbé ibẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni Màmá gbà gbọ́ fún oṣù púpọ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé ọmọ ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ojú ara!

Nígbà tí kókó náà kò lọ, tí wọ́n wá lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì ní àwọn yóò pè. Kí ni èmi ṣe? Mo yá fóònù Sàká, ọ̀rẹ́ mi, mo fi ohùn nọ́ọ̀sì pe Màmá: “Ẹ kú oríire, mà. Ìbejì ló wà níbẹ̀.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ ò pé!”

Ní ọjọ́ kẹrin, nọ́ọ̀sì tòótọ́ pè, ó ní kí wọ́n tètè máa bọ̀. Màmá ní, “Ìyá ìbejì ń gbọ́ o, kú iṣẹ́!” Wọ́n pa fóònù. Ó tún pè, wọ́n tún pa á. Nígbà tí mo délé, wọ́n ní, “Tòní dáa ju tìjọ́sí lọ. O tiẹ̀ ka nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn mi pé pérépéré!” Mo rò pé Sàká ló pè, ni mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ ti mú mi, Màmá.”

Oṣù mẹ́rin kọjá, Màmá rò pé bí ilé ìwòsàn ò ṣe pè, kò sí ewu, kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára wọn. Dókítà wo fáìlì, ó ní, “Màmá, a pè yín, a pè yín. Jẹjẹrẹ ni. Kékeré ni nígbà yẹn.” Màmá yíjú sí mi. Mo ní Sàká ló sọ fún mi pé òun ló pè. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá Sàká lóhùn mọ́ tó bá kí wọn, ọmọ tí wọ́n máa ń bu oúnjẹ fún. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin ìyá wa tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ yín, tí ọwọ́ yín bá ba kókó, ẹ má bi àbúrò yín, ẹ lọ bi dókítà. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti purọ́ fún yín rèé: mi ò rò pé Sàká ni. Sàká ò lè sín ewúrẹ́ jẹ! Bí Màmá ṣe dárúkọ nọ́ńbà káàdì ni mo ti mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló pè. Ẹ̀rù ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ ló bà mí, Màmá sì ń rẹ́rìn-ín. Títí dòní, Màmá ò tíì mọ̀ pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ṣé kí n sọ fún wọn báyìí tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, àbí kí n dúró? Tí mo bá dúró, kí ni mò ń dúró dè?