Obìnrin Inú Férémù Tí A Kò Kí Kú Iṣẹ́

Ẹgbẹ̀rin náírà ni agolo ìpara tí wọ́n fi ń wọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìpara yìí ló kù díẹ̀ kó sọ mí sínú iná.

Ẹ mọ̀ pé àwòrán inú férémù ni mò ń tà. Èyí tó ń yá jù ni ti obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ kan tó jókòó sí ilé ìdáná, tó ń bó ọ̀dùnkún, tójú rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́. Àwọn ọkọ ló ń rà á. Mo kọ́ ọ̀kan sí pálọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ajé, Fúnmiláyọ̀, ìyàwó ọmọ mi, ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí n ra ìpara fún òun. Mo nawọ́ sí ògiri: "Látìgbà tí ìyẹn ti ń bó ọ̀dùnkún, ṣé o gbọ́ kó ráhùn rí?" Ó di ẹ̀yìn mú, ó padà sí ilé ìdáná.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, oorun ààwẹ̀ gbé mi lórí bẹ́ǹṣì ìjọ. Ẹnìkan tó wọ funfun mú mi dé ibi ògiri iná kan, férémù ló kún ara rẹ̀, orí àti ọwọ́ àwọn ọkùnrin ló yọ níbẹ̀, wọ́n ń bó òkúta gbígbóná, bí wọ́n ṣe ń bó o ni èèpo mìíràn ń hù, wọ́n fẹ́ ké, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ẹnu wọn pa, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kò gbéra, àfi bí mo ṣe rí férémù òfìfo kan, orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Amọ̀nà mi ní: "Wọ́n ń fi obìnrin tí kò lè fọhùn bá èyí tó lè fọhùn wí."

Mo ní èmi kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní èmi ni mo tà á fún wọn.

Ó mú mi kọjá sí ibi tó tutù. Obìnrin ọlọ́dùnkún mi nìyẹn lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń fi òróró wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Bó ṣe rí mi, inú bí i. Ó ní ọkùnrin tó ya òun ń wo ìmọ́lẹ̀ lára àwo, kò wo ọwọ́ òun tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ayé wá wo òun, wọ́n ní ilé tòrò.

"Ìwọ Yorùbá tó ń kí ẹni tó jókòó lásán kú ìjókòó, ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní pálọ̀ rẹ. Ṣé o kí mi kú iṣẹ́ rí?"

Mo ta jí.

Mo sáré délé. Fúnmiláyọ̀ ń fọ ìkòkò. Mo ní, "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́ o." Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. "Màmá, ṣé ara yín dá?"

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ rà á lọ́wọ́ mi, ẹ já a kúrò lára ògiri lónìí. N kò ní dá owó padà, kí ẹni tó bá máa bínú máa bínú; mo ti rí ibi tí ẹ ń lọ, kò sí àga níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, férémù òfìfo ṣì pọ̀ lára ògiri yẹn.

Nígbà tí mo fi máa dé ọjà, ìpara ti di ẹgbẹ̀rún kan. Mo fi ẹnu ara mi pàdánù igba náírà.