Mo Wá Orogún Mi Dé Inú Iná

Ẹ̀yin ará mi nínú ilé àdúrà yìí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí wọn ò fi hàn mí kí n lè gbé e pamọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin. Kóòtù ti dájọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni kó máa gbé. Bàbá rẹ̀ ní kò sí adájọ́ tó lè pàṣẹ fún òun nínú ilé òun, ó sì gbé ọmọ mi lé Fúnmiláyọ̀ lọ́wọ́, ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn mi. Mo gbé ìwé àṣẹ kóòtù náà lọ sí téṣàn ọlọ́pàá. Àmọ́ kí n tó lọ, mo ti da òróró àdúrà sí i bí ẹni tó fẹ́ dín ẹyin. Sájẹ́ǹtì gbé e sókè wò, ó ní òun ò rí òǹtẹ̀ kóòtù mọ́, òróró ti pa á rẹ́. Mo lọ gba òmíràn wá. Ó tún ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí n lọ bá àwọn àgbà parí ẹ̀ nílé. Mo ṣépè fún un láti téṣàn délé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń dùn mí jù. Owú ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ìbùkún ti ń pe obìnrin yẹn ní mọ́mì, èmi tí wọ́n la inú mi kí n tó bí i. Mo rí wọn níwájú ilé ìwé lọ́jọ́ kan, ó ń fi gèlè ara rẹ̀ nu imú ọmọ mi, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, ọ̀gá téṣàn gbà láti fún mi ní ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ajé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé ìbọn dání, kí wọ́n wọ́ obìnrin náà jáde níṣojú àdúgbò. Ohun tí mo gbààwẹ̀ lé lórí nìyẹn. Lọ́sàn-án Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní níbí, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnìkan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí. Ó ní, "Dìde, wá wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni kí o ti máa wò."

A dé ilé kan tó gbóná débi pé agbára káká ni mo fi ń mí, yàrá inú rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nínú yàrá kìn-ín-ní, àwọn ènìyàn jókòó sẹ́yìn káńtà irin tí iná ti sọ di pupa, ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ń sunkún níwájú wọn, wọn ò sì lè di etí. Amọ̀nà mi ní àwọn tí a fún láṣẹ ni, tí wọ́n ní kí ẹni tí ìyà ń jẹ lọ parí ẹ̀ nílé. Inú mi dùn. Nínú èkejì, àwọn tó búra ní kóòtù tí wọ́n sì purọ́ ń tẹ ahọ́n ara wọn mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn. Àwọn alágbèrè wà nínú ẹ̀kẹta, mi ò tiẹ̀ wò wọ́n pẹ́. Obìnrin kan ṣoṣo ni mò ń wá.

Mo wo yàrá mìíràn n kò rí i, mo yọjú wọlé, mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, mo gbé èkejì, mò ń yí ojú àwọn obìnrin padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ kọ́, ìwọ náà kọ́, ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀ n kò bìkítà, mò ń pe Fúnmiláyọ̀, Fúnmiláyọ̀, títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn mi gbàgà.

Ẹ̀yin ará, iná ti mú ìṣẹ́tí ìró mi. Mo lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ mi fi bó. Mo gbọ́ ohùn amọ̀nà mi níta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ta ló mú ọ wọlé?"

Mo ní ṣebí òun ni. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni òun wà láti àárọ̀.

"Obìnrin tí ò ń wá kò sí níbẹ̀. Sọ òótọ́ kan nípa rẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí."

Mo ní ó gba ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ò mira. Mo ní agbéraga ni. Iná dé orúnkún mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó kù díẹ̀ kí n yan iná. Mo di eyín, mo sì sọ ọ́.

"Ó ń tọ́jú ọmọ mi dáadáa."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó fà mí jáde, a gba ibi tútù kan kọjá, níbi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi lábẹ́ igi. Ọlọ́pàá arúgbó kan wà láàárín wọn, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ọmọdé kan sùn lé e láyà. Amọ̀nà mi ní nígbà tí téṣàn rẹ̀ kò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn mú ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n dúró síbẹ̀. Ó ní kí n lọ gba ọmọ mi. Mo jí, òógùn ti bò mí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní mi ò fẹ́ ìbọn mọ́. Ọlọ́pàá obìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ló bá mi lọ. Bàbá Ìbùkún pariwo títí. Fúnmiláyọ̀ ka ìwé àṣẹ náà tán, ó wọlé, ó di ẹrù ọmọ, ó sì fa Ìbùkún lé mi lọ́wọ́ tẹkúntẹkún. Ọmọ náà ń nawọ́ sí i láti èjìká mi, ó ń pè é ní mọ́mì. Owú náà gùn mí dé ọ̀fun. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Fúnmiláyọ̀, máa wá bá mi dirun fún un ní Sátidé."

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi o. Ẹni tí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tètè mú un ṣẹ, nítorí ọmọ ń sunkún. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbàdúrà kí iná jó ẹnìkan, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má bá a wọbẹ̀. Ọ̀la ni Sátidé. Owú ṣì ń jẹ mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti ra òòyà sílẹ̀ dè é.