Àbúrò Mi Ni, Kì í Ṣe Ayálégbé Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ní Ikorodu. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé àbúrò mi ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Nígbà tí ẹbí ọkọ mi wá ṣe ìwádìí ìdílé wa ní Ẹ̀pẹ́, Mudaṣiru àbúrò mi ti ń lo oògùn àrùn ọpọlọ. Ó máa ń gbọ́ ohùn tí àwa ò gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá ti dárúkọ wèrè, ìgbéyàwó ti dàrú níbẹ̀. Ìyá wa kọ́ ọ pé tí wọ́n bá bi í, kó ní ayálégbé wa lòun. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Títí dòní, ọkọ mi ń kí i bí ayálégbé.

Láìpẹ́ yìí, àwọn dókítà rẹ̀ fẹ́ ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn àti ti ọmọ ìyá wọn tí ara wọn le, kí wọ́n fi wéra. Mo lọ. Ẹ̀rù bà mí nípa orí tèmi. Dókítà ní àwọn lè rí ohun tó jọra díẹ̀ nínú ọpọlọ àwa méjèèjì, ìyẹn ò sọ pé màá ṣàìsàn.

Ó bi Mudaṣiru pé, "Kí ni àǹtí yìí jẹ́ sí ẹ?"

"Ọmọ lánlọ́ọ̀dù mi ni wọ́n, sà. Ayálégbé ni mí."

Dókítà mi orí. Ó ní àìsàn náà ti ń le sí i, ó fi kún oògùn rẹ̀. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá wa ló ń pa mọ́. Ojú tì mí, mo dákẹ́. Nígbà tó yá, oògùn tí wọ́n fi kún un mú kí ọwọ́ tó fi ń bá ìyá wa ha ìpẹ́ ẹja máa gbọ̀n.

Mo ti padà lọ jẹ́wọ́, wọ́n ti dín oògùn náà kù. Ó ku ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni torí pé mo ní àbúrò tó ń ṣàìsàn. Ẹni tí àìsàn ò sí nídìílé ẹ̀, kó dìde ká rí i. Mudaṣiru ni mo ṣẹ̀, òun nìkan ni mo bẹ̀.

Iléyá tó ń bọ̀, ilé mi ni yóò ti jẹ ẹran, lójú gbogbo àwọn àna mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Àǹtí, tí wọ́n bá wá bi mí ńkọ́?"

Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún ọkọ mi kí ọjọ́ náà tó pé? Ẹ má sọ pé kí n tún fi í pamọ́, mi ò ní gbọ́. Mo ti dá Mudaṣiru lóhùn: kó ní àbúrò mi lòun, kó sì sọ ọ́ sókè.