Pátákó Tí Othniel Fi Irọ́ Gbà ní Àpòmù

Ọjọ́ tí dókítà sọ fún Othniel Ògúnjìnmí pé ọkàn rẹ̀ ti wú ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ọkàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ìrònúpìwàdà ló gbé e dé Àpòmù. Ẹ̀rù ikú ni. Ó wọ agbádá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun ọ̀kadà láti Ìkirè, nígbà tó sì dé ilé Màmá Tolú, kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kò gbà fún un, ló bá kúnlẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ bá mi fetí sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó ti ń rà. Tí n kò bá tú u jáde lónìí, òórùn ẹ̀ ló máa sin mí."

Màmá Tolú, opó Moses tó fi ìgbà kan jẹ́ dírẹ́bà fún ẹnjiníà òyìnbó kan l'Ékòó, wò ó láti òkè délẹ̀. "Alàgbà, kí ló dé? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

Kò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìpìlẹ̀, bó sì ṣe rí nìyí.

Tòkúnbọ̀ ni Othniel ń tà létí òpópónà márosẹ̀ ní Ìkirè: fíríìjì, kẹ̀kẹ́, àga ọ́fíìsì tí ìdí rẹ̀ ti ya. Ẹlẹ́nu dídùn ni. Ó lè ta fíríìjì tí kò tutù fún ọ, kí o tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ẹ̀gàn ló fi ń wo gbogbo oníbàárà. Ní tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ọjà, ìyà tó bá jẹ ẹ́ tọ́ sí i. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Akíndèjì wá bá a láti Èkó. Akíndèjì wà lára àwọn ọ̀dọ́ etíkun tó ń gun ìgbì: wọ́n á dúró lórí pátákó gígùn, ìgbì á sì máa gbé wọn bọ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n pátákó àtijọ́ ló ń wá kiri, èyí tí àwọn òyìnbó gbé wá s'Ékòó láyé ọjọ́un, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún dírẹ́bà àti kúùkù wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ wà lókè òkun, owó gidi ni wọ́n sì ń san.

"Ẹ má gbé èyíkéyìí wá fún mi o," Akíndèjì ní. "Ojúlówó ga ju èèyàn lọ dáadáa, ó sì wúwo. Ẹ ó rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó là á láàárín láti orí dé ìdí. Nǹkan bíi lẹbẹ ẹja wà nísàlẹ̀ ìdí ẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pátápátá ni, kò ṣeé tú. Tí ẹ bá rí ihò tí wọ́n ń so okùn ẹsẹ̀ mọ́, ti ìsinsìnyí nìyẹn. Orúkọ ẹni tó ṣe é sì máa ń wà lábẹ́ awọ dídán tó bò ó. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ òkè, ẹ fi sílẹ̀."

Othniel rẹ́rìn-ín nínú. Pákó tí àwọn míì ti gùn gbó! Ṣùgbọ́n ó há gbogbo àmì náà sórí.

Ní àgbàlá Màmá Tolú ló ti rí ọ̀kan. Ó wá ra kẹ̀kẹ́ tí Moses fi sílẹ̀, ló bá rí pátákó náà lórí òkúta, tí Màmá sá ẹ̀gúsí sórí rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́: igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín. Ó bẹ abẹ́ wò: lẹbẹ wà, kò mì. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti oyin, orúkọ náà sì wà nísàlẹ̀ awọ bí ẹja nínú omi. Ó ní òun á rà á, pé òun fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ.

"Mi ò tà á o, Alàgbà," Màmá ní. "Òyìnbó ọ̀gá Moses ló fún un. Ọjọ́ tó gbé e dé lórí lọ́rì, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Bí mo bá ń sá nǹkan sórí ẹ̀, ó dà bíi pé ọkọ mi ń bá mi dì í mú."

Othniel padà lọ bá a, ó tún padà lọ. Ó fi kún owó, Màmá ò gbà. Inú bí i. Ìyá àgbà tí kò mọ̀ ju ẹ̀gúsí lọ, kò fẹ́ gbé ohun iyebíye fún ẹni tó mọyì rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó sọ pé ilẹ̀kùn ilé adìẹ lòun fẹ́ fi ṣe, ṣe ń rò.

Nígbà tó yá, Fẹ́rànmí kú, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá ní. Tolúlọpẹ́ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní Gbọ̀ngán, ló gbé e wá lo họlidé. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, omi ti tán lára rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní omi kànga ló fà á, torí àwọn ọmọ míì ládùúgbò ṣe irú àìsàn náà. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún Othniel nígbà tó wá kí i kú ará fẹ́rakù. Nítorí náà, Othniel mọ òtítọ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Àbídì tó máa ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún un wà níbẹ̀. Othniel mí kanlẹ̀, ó bojú jẹ́. "Màmá, kí lọmọ náà jẹ gbẹ̀yìn?"

"Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo sè ni. Ó jẹ ẹ́, ó tún ní kí n bu kún un."

"Ẹ̀gúsí tí ẹ sá sórí pátákó yẹn?"

Ó dìde, ó fi ọ̀bẹ ha awọ pátákó náà díẹ̀, ó ṣáná sí èérún tó bọ́ sílẹ̀. Èéfín dúdú sọ, òórùn burúkú gba àgbàlá. "Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Kẹ́míkà òyìnbó ni. Oòrùn ló ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ sínú oúnjẹ. Àwọn ọmọ míì mu omi kànga náà, wọn ò kú. Èyí lẹ fún tiyín jẹ."

Màmá ò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Alàgbà, ẹ bá mi gbé e kúrò níbí." Ó tún dúpẹ́. Ó wọlé, ó gbé iṣu jáde fún wọn pé wọ́n ti ṣe wàhálà. Othniel gba iṣu náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà á, ó sè é, ó jẹ ẹ́.

Lójú ọ̀nà, Àbídì ò wojú rẹ̀. "Alàgbà, olè ni mo mọ̀ pé à ń jà. Mi ò mọ̀ pé èèyàn là ń pa." Àtọjọ́ náà ni kò ti wakọ̀ fún un mọ́. Akíndèjì gbé pátákó lọ, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ara ògiri pálọ̀ ni ẹni tó rà á gbé e kọ́ sí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó kan omi.

Màmá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun lòun pa Fẹ́rànmí. Tolúlọpẹ́ kó ẹrù rẹ̀, kò sì wá sí Àpòmù mọ́. Láti ìgbà náà, Màmá ò dáná fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, iṣu tútù ló ń gbé lọ. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun sí i, á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Othniel ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ka Bíbélì fún ìjọ rẹ̀ ní Ìkirè láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

Ó sọ ọ́ tán lórí ìkúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Màmá. Èmi ẹni ìdọ̀tí yìí. Ẹ̀gúsí yín ò ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ dárí jì mí kí n tó kú."

Màmá tẹjú mọ́ ọn. "Mi ò pa á?"

"Ẹ ò pa á."

"Pe Tolú."

"Màá lọ bá a ní Gbọ̀ngán lọ́la, Màmá..."

"Mo ní kí o pè é. Báyìí."

Látọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ̀yin" ni Màmá ń bá a sọ. Othniel gbọ́ "o" yẹn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó pe Tolúlọpẹ́, ó sọ ọ́, ariwo àwọn ọmọ iléèwé ń dún nínú fóònù. Nígbà tó parí, Tolúlọpẹ́ ní, "Ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ, ti iná tó ṣá, ti iṣu tó gbà. "Ẹ gbé fóònù fún màmá mi." Màmá gbà á, ó kẹ̀yìn sí i. Ẹkún ni Othniel ń gbọ́, ti ẹni méjì.

Nígbà tí Màmá na fóònù padà, Othniel ṣì wà lórí orúnkún. "Màmá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé òkú ọmọ tí mi ò pa. Mi ò ní gbé ìwọ náà kún un. Mo dárí jì ọ́ kí n lè gbé ọ sọ̀ ni. Má rò pé o níláárí lójú mi. Dìde nílẹ̀ mi. Sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, kí àwọn ọmọ tó ń pè ọ́ ní Bàbá lè mọ ohun tí ẹnu dídùn ń ṣe."

Othniel rìn dé etí ọ̀nà. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ọkọ̀ kan láti Gbọ̀ngán dúró, Tolúlọpẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó kọjá lára Othniel bí ẹni kọjá lára òpó iná. Kò pẹ́, Othniel gbọ́ ohùn rẹ̀ láti àgbàlá.

"Màmá, ebi ń pa mí."

 Lẹ́yìn náà, Othniel gbọ́ tí Màmá ń ṣẹ́ igi ìdáná.