Ẹ̀rọ Etí Jàmíátù

Rárá o, Alhájà, ẹ má ní kí n dákẹ́, láti ìgbà tí wólímọ̀ ọmọ mi ti parí ni mo ti dákẹ́, omijé ni mò ń gbé mì! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mi ò ní yájú sí yín, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mò ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ yọ ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi ń gbọ́ràn?

Ẹ ní nítorí fọ́tò. Ẹ ní ìbòrí funfun ọ̀hún wú síbi etí rẹ̀, àwọn àlejò wa láti Ọ̀rà á rí i. Kí wọ́n rí i ńkọ́? Ṣé a jí i ni? Ta ni kò mọ̀ nílùú Ìlá yìí pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún Jàmíátù kó tó gbọ́ ohùn èmi ìyá rẹ̀?

Wàláhì, ọmọ yẹn mọ súrà tí wọ́n ní kó kà lónìí! Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi la ti ń kà á, mò ń fìka tọ́ ọ, ó ń wo ẹnu mi. Bẹ́ẹ̀ ni, kò yá nínú ìwé kíkà, mi ò jiyàn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìyá wọn, òun ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́ rí, tó bá pàdé rẹ̀ nínú ìwé, àlejò ni. Olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ lójú yín pé ẹ̀rọ ń gbé ohùn wá ni, kì í gbé ìwé kíkà wá, ká ní sùúrù.

Àáfà pe ọ̀rọ̀ kí ọmọ tẹ̀ lé e, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo wọn. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ wà lábẹ́ ìbòrí, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ọmọ mi dúró, ó ń wò káàkiri, ó wá ń ka ibòmíràn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin wá gba gbohùngbohùn, Alhájà, ẹ ní, "Ẹ má bínú, ọpọlọ ọmọ wa ò gbé e."

Áà! Ẹ̀yin!

Ẹ tún ní kí Sànúsí ọkọ mi yọ ọ́ nílé ìwé, kó lọ kọ́ irun dídì n'Írèsì, òun náà sì ń mi orí pé ó dáa. Ó dun èmi Ràfíátù wọra.

Jàmíátù wà ní yàrá, ó ń bi mí bóyá òun kà á dáadáa. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ohun tí ẹ sọ, òun nìkan ni kò gbọ́.

Ẹ ṣí báàgì yín, inú rẹ̀ lẹ jù ú sí. Ẹ fún mi, kí n fi sí i létí. Tó bá ti ń gbọ́ràn, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lójú rẹ̀.