Ohùn Tó Ń Pè Mí Láti Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí kò jẹ́ kí ohun tó ń pè mí rí mi mú lọ. Halelúyà!

Nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà ni. Wọ́n ti yunifásítì wa pa, mo padà sílé ní Sango, èmi àti màmá mi nìkan. Orí fóònù làwọn olùkọ́ ti ń kọ́ wa, wọ́n sì ní ìdánwò ń bọ̀. Háà, ẹ̀rù ìdánwò yẹn bà mí! Oorun lọ, oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Gbogbo iléeṣẹ́ tó yí wa ká dákẹ́, tírélà kan ò kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ariwo yẹn la fi ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ "Mojísọ́lá!" láti ilé ìdáná. Ohùn màmá mi ni. Kí n tó la ẹnu, mo rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n ń sá aṣọ níta. Orí mi wú.

Ẹ ṣáà mọ ohun táwọn àgbà ń sọ: bí wọ́n bá pè ọ́ tó ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ o. Mi ò jẹ́. Àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń pè. Nígbà tó yá, màmá mi gan-an á pè mí, mi ò ní jẹ́. Olùkọ́ pe orúkọ mi ní kíláàsì orí fóònù, mo dákẹ́. Mo ti gbà pé mi ò ní ṣèdánwò náà mọ́, pé ìwé mi parí síbẹ̀.

Mo bú sẹ́kún, mo sọ fún màmá mi. Wọ́n ní, "Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n bó bá tún pè ọ́, fọwọ́ kàn mí. Èmi ni màá jẹ́." Wọ́n kó ìwé mi wá sí pálọ̀, wọ́n jókòó tì mí. Sístà kan nínú ìjọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n yé gbọ́ ìròyìn ikú láàárọ̀ lálẹ́, kí n máa sùn lásìkò, kí n máa mí kanlẹ̀ bí àyà mi bá ń já. Bí kò bá dẹwọ́, ká wá sọ́síbítù. A sì ń gbàdúrà.

Ó tún pè. Mo fọwọ́ kan màmá mi. Wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí ilé ìdáná tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. "Èmi nìyí! Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ní orúkọ Jésù, kí lo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?" Ilé pa rọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá mi jẹ́ ẹ nìyẹn títí kò fi pè mọ́. Mo ṣèdánwò, mo yege. Ẹ yin Olúwa!

Àná ni mo tó mọ èyí tó kù. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi pé wọ́n ń jẹ́ ìpè tí wọn ò gbọ́. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ làwọn náà ti ń gbọ́ ọ, ohùn àwọn fúnra àwọn, tó ń pe ọmọ àwọn. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n lábẹ́ ìró, wọ́n ṣáà ń dìde ni.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín.