Ìwé Alhaja Tó Jáde ní Gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, obìnrin kan wà tó ń ṣàdúà fún mi lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀ síta. Bó bá ti ní, "Allah á bù kún ẹ, ọmọ mi," ńṣe ni ojú máa ń tì mí débi pé mi ò ní lè wò ó. Ì bá sàn kó máa bú mi!

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA, níbí ní Ìlọrin. Alhaja yìí ló ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Òun ló gbà mí bí ọmọ nígbà tí mo débẹ̀ tí mi ò mọ ẹnì kankan. Bí obìnrin kan bá bá ọkọ rẹ̀ jà nílé, ọ̀dọ̀ Alhaja ló máa ń sunkún lọ, Alhaja á sì bá wọn parí ìjà. Ta ló máa rò pé ilé tirẹ̀ náà ń jò?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá sí gbọ̀ngàn tí àwọn àlejò ń jókòó sí, wọ́n ní kí n so gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ọ̀gá kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan ti Alhaja, torí ìwé àṣírí ló ń tẹ̀, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lórí tábìlì. Èmi alágídí, mo ní kí n kàn fi tirẹ̀ dán an wò bóyá wáyà náà ń ṣiṣẹ́ débẹ̀. Bí mo ṣe so ó tán, tí ìwé tó bá tẹ̀ á fi máa jáde ní gbọ̀ngàn, ni mo gbọ́ ìpè ìrun. Mo ní tí mo bá kírun tán, màá padà wá tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń padà sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nílùú wa?

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Alhaja ti dé ṣáájú gbogbo wa. Ìwé ló fi kọ̀ǹpútà kọ sí àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi ilé wọn ní Adéwọlé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́sàn-án, ó kó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, Alhaja sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ìwé kò jáde lórí tábìlì rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní gbọ̀ngàn, kí n sì tó dé, ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, wọ́n ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Alhaja pè mí. "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo ṣì í tẹ̀ ni?"

Ẹ̀rù iṣẹ́ mi bà mí. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mà."

"Wallahi, àgbà ló ń dé," ló wí. "Má ṣèyọnu, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Nígbà tó jáde, mo yọ́ tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ gbọ̀ngàn. Láti ọjọ́ náà, kò sí obìnrin tó ń gbé ọ̀rọ̀ ilé wá bá a mọ́. Alhaja gan-an kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Bó bá fẹ́ tẹ ìwé kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé fówó ní Táíwò Road ló ń lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n èmi tí mo ṣu kò gbàgbé rárá.

Lánàá, ó fi ìwé kan tó fọwọ́ kọ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, torí èmi nìkan lọkàn òun balẹ̀ sí. Àṣé ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú àkókò! Ìdí tó kọ síbẹ̀ ni pé òun kò mọ ẹ̀rọ ìgbàlódé lò mọ́.

Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ tó ti tàn kálẹ̀ kò sì ní padà. Bí mo bá dákẹ́, èmi náà ni mo lé e lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbà á. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ìlà tó sọ ìdí, ọwọ́ mi kò sì gbà láti kọ ọ́.